Bí a ṣe ń fi wíwo iṣẹ́ ọnà lórí fóònù mú ìrora àti ìdáwà fúyẹ́

Ẹni tí ìrora ń bá gbé mọ̀ pé òru ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń le jù. Gbogbo ilé á ti sùn, ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa yí ìrọ̀rí padà. Ta lẹ fẹ́ pè ní aago méjì òru láti sọ fún un pé ìbàdí ń ro yín, ọ̀rọ̀ tí ẹ ti sọ lánàá tí ẹ tún sọ níjẹta? Ọdún kẹfà rèé tí èmi ti wà lẹ́nu rẹ̀. Làkúrègbé ni dókítà pe tèmi. Mò ń lo oògùn, mò ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ mi ní ọsibítù, mi ò fi ọ̀kankan sílẹ̀. Ohun kẹta tí mo fi kún un ni mo fẹ́ ṣàlàyé: wíwo àwòrán àti ère lórí fóònù, ní pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹnì kan tí a jọ ń wò ó.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ní 1965, àwọn onímọ̀ méjì, Ronald Melzack àti Patrick Wall, ṣàlàyé pé ìrora kì í gba ọ̀nà tààrà láti orúnkún lọ sí ọpọlọ. Ó dà bíi pé ẹnu-ọ̀nà kan wà nínú eegun ẹ̀yìn tí ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ìbẹ̀rù lè ṣí ẹnu-ọ̀nà náà sílẹ̀ gbayawu. Ohun tó bá gba ọkàn ẹni sì lè pa á dé díẹ̀. Ẹ wo ọmọdé tó ṣubú tó ń ké. Bí ẹnì kan bá nawọ́ sí bàálù tó ń kọjá lókè, ẹkún á dá. Kì í ṣe pé ọmọ náà ń purọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Bari ní Ítálì ní kí àwọn èèyàn fúnra wọn yan àwòrán tó rẹwà lójú wọn àti èyí tí kò rẹwà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fi iná lésà ta wọ́n lọ́wọ́ bí wọ́n ti ń wo àwọn àwòrán náà. Èyí tó rẹwà ni wọ́n ń wò nígbà tí títa náà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn wọ́n. Ní Sacramento ní California ẹ̀wẹ̀, mùsíọ́mù (ilé ìkó-iṣẹ́-ọnà-sí) tó ń jẹ́ Crocker àti yunifásítì UC Davis ní ètò kan tí wọ́n pè ní Art Rx, tí wọ́n fi ń mú àwọn tí ìrora kò fi sílẹ̀ rìn yí ká mùsíọ́mù. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde nípa rẹ̀ ní 2019 sọ pé èèyàn 54 ló kópa, tí ó sì lé ní ìdajì wọn tí ìrora wọn fúyẹ́ níbi ìrìn náà. Èèyàn 54 kò pọ̀, mi ò sì ní fi í búra. Ẹsẹ̀ ni àwọn yẹn sì fi rìn ín. Àwa tí àtẹ̀gùn ilé ara wa ti di òkè fún, fóònù ló kù fún wa.

Ẹ kọ́kọ́ tún ìjókòó ṣe

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe jù. Mo á dùbúlẹ̀, mo á gbé fóònù sókè ní ọwọ́ kan, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ọrùn á ti dara pọ̀ mọ́ ìbàdí. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹ fi ìrọ̀rí há ibi tó ṣófo lẹ́yìn ìbàdí, kí ẹ gbé fóònù ka orí tábìlì níbi tí ojú yín ti lè rí i láì tẹ ọrùn. Agolo Mílò ni mo fi ń gbé tèmi dúró. Bó bá jẹ́ òru ni, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù, kí ẹ sì pa ìró gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp. Àdúrà àfàyàrán tó ń wọlé lóru kì í jẹ́ kí ojú dúró síbì kan.

Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ bí ìrora ṣe pọ̀ tó síbẹ̀, láti 0 dé 10. Ẹ ó tún kọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá wò tán. Kò ní dín kù lójoojúmọ́. Ìwé tèmi ní ọjọ́ tó jẹ́ 6 kí n tó bẹ̀rẹ̀, tó sì ṣì jẹ́ 6 nígbà tí mo parí.

Ẹ wá àwòrán sílẹ̀ ní ọ̀sán

Ẹ má dúró dìgbà tí ìrora bá dé kí ẹ tó máa wá ohun tí ẹ fẹ́ wò. Ọkàn kì í balẹ̀ wá nǹkan nígbà yẹn, dátà á sì tún yàn láti tán lásìkò náà. Ní ọ̀sán tí ara bá rọ̀, ẹ wá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ gbà wọ́n sórí fóònù. Google Arts & Culture, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, kó àwọn mùsíọ́mù orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ sójú kan. Mùsíọ́mù Met ní New York yọ̀ǹda àwòrán tó lé ní 375,000 lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2017. Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ idẹ àti eyín erin Bìní, kó lọ sí Digital Benin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ṣí ní 2022: ohun tó lé ní 5,000 ló wà níbẹ̀, láti ilé ìkó-nǹkan-sí 131 ní orílẹ̀-èdè 20.

Ẹ ti rí i báyìí pé àwòrán kò wọ́n. Pípọ̀ wọn gan-an ni ewu ibẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìka ti àwòrán ọgọ́rùn-ún kọjá kò wo ọ̀kankan, ìrora náà á sì jókòó tì í bó ṣe wà. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ wò lẹ́ẹ̀kan.

Irú èwo? Ohun tó bá wù yín ni, kì í ṣe ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ní ó dára. Àwọn kan ń fẹ́ ohun tó tutù: odò, aṣọ, obìnrin tó wé gèlè. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí aráyé ti fẹ̀sùn kàn pé ìrora wọn kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, máa ń fẹ́ rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Frida Kahlo, ayàwòrán ará Mẹ́síkò, mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀sì tó wọ̀ ní 1925 ní ìjàǹbá, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì bọ̀ sípò mọ́ títí ayé rẹ̀. Ní 1944 ó ya ara rẹ̀: àyà rẹ̀ là sí méjì, òpó òkúta tó ti fọ́ ló dúró síbi tó yẹ kí eegun ẹ̀yìn wà, ìṣó wà káàkiri ara rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń wo wa lójú kòrókòró. Mi ò lè wo ó lóru. Ní ọ̀sán, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan ti gbà mí gbọ́.

Bí a ṣe ń wò ó

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ má fi ìka fa àwòrán náà tóbi. Ẹ mí sínú, ẹ mí síta, kí ojú máa rìn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta tí àwọn mùsíọ́mù Amẹ́ríkà fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé: Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí? Kí ni mo rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Kí ló tún kù tí mi ò tíì rí?

Ẹ jẹ́ kí n fi òpó kan ṣàpẹẹrẹ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére Èkìtì tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ẹ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Mùsíọ́mù Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà ló wà báyìí (bó ṣe dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn). Lójú àkọ́kọ́, ọba ni mo rí: adé orí rẹ̀, ẹyẹ tó bà lé adé. Mo ní ọba ló ni òpó yìí. Ìgbà tí mo bi ara mi pé kí ni mo rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo tó ṣàkíyèsí olorì tó dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó ga ju ọba lọ fíìfíì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ìjókòó ọba. Olorì àgbà yìí ló ń gbé adé lé ọba lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Mo wá padà sí ọba, mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, ó kàn ń fì dirodiro bíi ti ọmọ tó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Èmi tí wọ́n ń dì lápá lọ sí balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wo ọwọ́ olorì yẹn pẹ́. Nígbà tí mo wo aago, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ti lọ. Mi ò rántí ìbàdí ní bíi mẹ́jọ nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí ni kí ẹ wá fi ìka méjì fa àwòrán náà tóbi. Ẹ wá ojú ọ̀bẹ agbẹ́gilére, ibi tí ọ̀dà ti ṣí, ibi tí igi ti sán. Bí ìrora bá pè yín padà láàárín rẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì padà síbi tí ojú yín dé.

Ẹ wá ẹnì kejì

Bí ẹ bá dá wo ó, ó dára fún ìrora. Ti ìdáwà ń fẹ́ èèyàn. Àǹtí mi kan wà ní Manchester, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ilé wọn, orúnkún kò sì jẹ́ kó jáde nígbà òtútù. Tẹ́lẹ̀, bí a bá pe ara wa, àìsàn la ó fi bẹ̀rẹ̀, òun la ó fi parí. Báyìí, àwòrán kan ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn ní ọ̀sán Sátidé; ní aago mẹ́jọ alẹ́ a ó pe ara wa. Òfin kan ṣoṣo ló wà: a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ àìsàn títí a ó fi wo àwòrán náà tán. Ìpè lásán ti tó, kò di dandan kó jẹ́ fídíò, níwọ̀n ìgbà tí àwòrán ti wà lórí fóònù àwa méjèèjì. Bí ẹ kò bá ní ẹni tí ẹ lè pè, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tó ti pẹ́ tí ẹ rí, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan pàtó: “Kí ni obìnrin yìí mú lọ́wọ́?” Àwọn èèyàn máa ń dáhùn irú èyí kíákíá ju “Báwo ni?” lọ.

Ọ̀rọ̀ dókítà kò kúrò nílẹ̀ o. Bí ìrora bá yí padà lójijì, bí ẹsẹ̀ bá kú, bí ìtọ̀ bá ń dá jáde, bí àyà bá ń fún mọ́ni, tàbí tí fòníkú-fọ̀ladìde bá gbé ìrora líle dìde, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má sì dín oògùn kù nítorí pé nọ́ńbà inú ìwé yín ti wálẹ̀.

Sátidé tó kọjá, adìrẹ ẹlẹ́kọ la wò, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndún, tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí. Mo ní, “Àǹtí mi, kí lẹ rò pé ó wà láàárín àwọn òpó yẹn?” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣíbí ni, àbúrò mi. Dúró ná.” Mo gbọ́ tí wọ́n dìde, tí wọ́n ń ṣí àpótí. Ìyá wọn ní ọ̀kan.