Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Guangzhou ní China, ẹ wo kóòdù dáadáa kẹ́ ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n ń háyà

Ká kọ́kọ́ sọ àwọn tó rọrùn, ká tètè kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì lẹ dé sí, àwọn ló máa bá yín forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ilé èèyàn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa forúkọ sílẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé. Pásípọ́ọ̀tù ò gbọdọ̀ kúrò lára yín, fọ́tò ẹ̀ nínú fóònù ò tó, pàápàá ní àdúgbò Xiaobei àti Sanyuanli níbi tí ọlọ́pàá ti máa ń dá àwa aláwọ̀ dúdú dúró. Ẹ gbàgbé Google Maps, wọ́n ti dí i pa níbí, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fi VPN ṣí i, ibi tó máa fi yín sí àti ibi tẹ́ ẹ dúró sí ò ní bára mu. Amap, áàpù máàpù tiwọn, ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ gba Alipay, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó níbí, ẹ fi pásípọ́ọ̀tù ṣí i, ẹ so káàdì Visa tàbí Mastercard mọ́ ọn. Ó parí.

Ẹsẹ̀ ló dáa jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ lọ sí Shamian, erékùṣù kékeré táwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbà nígbà kan, igi ńláńlá ló ṣíji bò ó, ọkọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹ wá tọ etí odò Pearl lọ sápá ìlà oòrùn títí dé afárá Haizhu tí wọ́n ṣí ní 1933. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì olókùúta tí wọ́n kọ́ láàárín 1863 sí 1888 ò jìnnà síbẹ̀, ẹ máa rí àwọn ará wa níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Kẹ̀kẹ́ oníná ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ o, kì í pariwo, orí ibi tẹ́lẹ́sẹ̀ ń rìn ló ń gbà, ó lè yọ látẹ̀yìn, ó lè yọ látiwájú. Bí iná bá sì ní kẹ́ ẹ sọdá, mọ́tò tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún ṣì lè máa bọ̀, ẹ má rò pé ó máa dúró dè yín.

Kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n ń háyà wá ńkọ́? Ilé iṣẹ́ mẹ́ta lẹ máa rí: yẹ́lò ni ti Meituan, búlúù ni ti Hello, àwọ̀ ewé ni ti DiDi, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà mẹ́tírò. Ẹ fi fóònù sikáànì kóòdù QR tó wà lára ẹ̀, ó ṣí, ẹ gùn ún, ẹ tì í padà, owó ẹ̀ ò ju yuan díẹ̀ lọ.

Kóòdù yẹn gan-an ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí. Ọmọkùnrin kan láti Ìbàdàn, kò tíì pẹ́ tó dé, ó sikáànì ti kẹ̀kẹ́ kan, fóònù ní kó san owó àsansílẹ̀, ó san án, kẹ̀kẹ́ ò ṣí, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó tún sikáànì, ó tún san, ìgbà tó wá gbé fóònù fún mi pé kí n bá òun wò ó, orúkọ èèyàn ló wà níbi tówó lọ o, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ kankan! Àwọn olè ti lẹ sítíkà tiwọn mọ́ orí kóòdù gidi.

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ ṣí áàpù kẹ̀kẹ́ yẹn, inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sikáànì. Ẹ fi èékánná họ etí kóòdù, tó bá ti ń ṣí, ẹ fi kẹ̀kẹ́ yẹn sílẹ̀. Tí fóònù bá ní kẹ́ ẹ tẹ iye tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, bí ìgbà tẹ́ ẹ ń sanwó fún ọlọ́jà, ẹ jáde kíá. Ẹ má sọ fún mi pé Computer Village n'Ìkẹjà lẹ ti wá, pé kò sẹ́ni tó lè lù yín ní jìbìtì. N'Ìkẹjà ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ lè ja ìjà ẹnu. Níbí ẹ kàn ń tẹ bọ́tìnì lórí ohun tẹ́ ẹ ò lè kà, kí ló ń lé yín? Ẹ jẹ́ kí fóònù túmọ̀ ẹ̀ ná! Ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ yín pé òun fẹ́ bá yín ṣí i, ẹ má gbé fóònù fún un, ì báà máa sọ Yorùbá ketekete.

Tówó bá ti lọ, ẹ ya fọ́tò sítíkà yẹn, ẹ fẹjọ́ sùn nínú Alipay, ẹ pe 110, nọ́ńbà ọlọ́pàá. Ẹ̀rù ò ní jẹ́ kí ẹni tí físà ẹ̀ ti kú lè pe 110, àwọn olè náà sì mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá gùn ún tán, inú ìlà funfun tí wọ́n fà sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè yọwó kún un, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ tì í, torí tí ò bá tì, owó ṣì ń kà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá yí ìjókòó ẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìgbà ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ wá òmíì.