Bí mo ṣe fi ìdérí garawa ọ̀dà wọn omi ọ̀sà Àjàṣẹ́

Nígbà tí mo wà ní Terminale D, kíláàsì ìkẹyìn ilé ẹ̀kọ́ girama fún àwọn onísáyẹ́ǹsì, olùkọ́ SVT wa, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀, ní kí oníkálukú wá ohun kan ní àyíká rẹ̀ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, kó sì kọ dósíyè lé e lórí kí bákì, ìdánwò àṣejáde wa, tó dé. Àwọn kan mú ìdọ̀tí ọjà Ouando. Èmi mú omi ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, láti wọn bí ó ṣe mọ́ tó, nítorí àwọn adágún ilẹ̀ Yúróòpù ló kún inú ìwé wa, bẹ́ẹ̀ ọ̀sà tiwa wà ní ẹ̀yìnkùlé. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú adágún Nokoué àti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò Wémè, sínú àdéhùn Ramsar tí gbogbo ayé fi ń dáàbò bo ilẹ̀ olómi. N kì bá tí mọ̀ bí kì í bá ṣe pé mo wá a fúnra mi.

Irinṣẹ́ mi kò gba owó rẹpẹtẹ. Ọdún 1865 ni àlùfáà ará Ítálì kan, Angelo Secchi, ti ń sọ àwo funfun sínú òkun láti mọ ibi tí ojú kò ti ní rí i mọ́. Èyí tí wọ́n ń lò fún ọ̀sà àti adágún lónìí fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin, wọ́n kun méjì ní dúdú, méjì ní funfun, tí dúdú kò bá dúdú pààlà. Mo gé tèmi lára ìdérí garawa ọ̀dà, mo fi ìṣó gbígbóná lu àárín rẹ̀, mo ki okùn bọ̀ ọ́, mo sì so òjé àwọ̀n mọ́ abẹ́ rẹ̀, torí ike kì í rì. Okùn yẹn ni kí ẹ mójú tó jù lọ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ fà á kó le, kí ẹ tó máa sàmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún. Okùn tí ẹ bá sàmì sí ní gbígbẹ lè yí gígùn padà tó bá mumi, ìwọ̀n yín á sì di irọ́. Yíǹkì lásán máa ń ṣí. Ọ̀dà èékánná ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo lò. Inú ń bí i dòní.

Apẹja kan tí bàbá mi mọ̀ ní Djassin ló gbà mí sínú ọkọ̀ rẹ̀. Gun ni èdè ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá dáadáa.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Oo. Ọmọ mi, ṣé ìdérí garawa lo fẹ́ fi pẹja ni?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ti àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi. "Èmi, àjẹ̀ mi ni mo ń wò. Tí n kò bá rí ìdí rẹ̀ mọ́, mo ti mọ̀ pé Wémè ń bọ̀ nìyẹn." Odindi ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ dósíyè lé lórí ni bàbá sọ tán yẹn, kí a tó kúrò létí omi.

Ìgbà tí oòrùn bá ga ni ẹ ó wọ̀n ọ́n, láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, ní ìhà ibi tí òjìji ọkọ̀ bá bọ́ sí, kí ìtànṣán má baà fọ́ yín lójú. Ẹ máa sọ àwo náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní hàn mọ́, ẹ ka àmì okùn. Ẹ fà á sókè títí yóò fi yọjú, ẹ tún kà á. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì, ìyẹn ni ìwọ̀n yín.

Oṣù Kẹwàá ni, omi Wémè ti kún dé. Lẹ́bàá afárá tí a ń gbà wọ̀lú láti Kútọnu, àwo mi kò lọ tó ìgbọ̀nwọ́ kan tó fi sọnù. Ẹnu gọ́tà tó ń da omi ìlú sọ́sà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín akàjà, ibi tí àwọn apẹja ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ kí ẹja lè sá pamọ́ síbẹ̀, ó sàn díẹ̀, torí ẹ̀ka máa ń dá omi dúró, ẹrẹ̀ á sì rọlẹ̀. Àmọ́ ibi tí àwo mi ti lọ jìnnà jù lọ ni àlàfo kékeré tí bàbá fi àjẹ̀ là sáàárín jacinthe d'eau, ewé olódòdó àlùkò tó bo ojú omi pátápátá. Mo rò pé ibi ìdọ̀tí ni mo dé, omi ibẹ̀ wá mọ́ ju ti gbogbo ibi yòókù lọ!

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi. Àwo yìí ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé. Kò sọ ohun tó dí i lọ́nà. Mo da omi ibì kọ̀ọ̀kan gba aṣọ funfun kọjá. Ti afárá fi àwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀: ẹrẹ̀ Wémè ni. Ti gọ́tà ṣe bí ewé tí a gún: àwọn ewé omi tín-tìn-tín ni, tí ìgbẹ́, ìtọ̀ àti omi ọṣẹ ń bọ́. Ti abẹ́ jacinthe kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nǹkan kan sílẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ bí irùngbọ̀n ló ń mú ẹrẹ̀, ewé rẹ̀ sì gba oòrùn mọ́ ohun yòówù tí ì bá hù lábẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣé omi tó dára nìyẹn? Olùkọ́ PCT wa, ìyẹn físíìsì àti kẹ́mísìrì, bá mi wá ìdáhùn rẹ̀. Ọgbọ́n tí Winkler, ará Họ́ńgárì, gbé jáde ní 1888 láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú omi la lò. Ẹ ri ìgò sínú omi kó kún dẹ́múdẹ́mú, kí ìhó atẹ́gùn kankan má ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, nínú ọkọ̀ níbẹ̀, ẹ kán kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní sulfate de manganèse sí i, lẹ́yìn náà àpòpọ̀ soude (sódà oníná) àti iodure de potassium, kí ẹ dé e, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Soude máa ń jẹ awọ. Bí ọ́síjìn bá wà, ohun tó máa ṣùpọ̀ sísàlẹ̀ á pọ́n bí omi kọfí. Bí kò bá sí, á funfun. Ìgò akàjà pọ́n dáadáa. Ti abẹ́ jacinthe fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Ewé tó ń kú ń jẹrà lábẹ́ ibẹ̀, ìjẹrà ń mu ọ́síjìn, ewé tó bo ojú omi kò sì jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Omi mọ́, ẹja kò rí èémí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mo padà lọ. Omi òkun ti gba ojú ọ̀nà omi tí àwọn Faransé là ní Kútọnu ní 1885 wọlé dé ọ̀dọ̀ wa. Mo se lítà omi ọ̀sà kan gbẹ nínú ìkòkò, iyọ̀ hàn gbangba nídìí rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tó ti òkun, tí lítà kan rẹ̀ ń fi nǹkan bíi 35 gíráàmù sílẹ̀. Jacinthe kì í fara da iyọ̀. Ó ti ń pọ́n, ó ń rì, ìjẹrà mìíràn sì ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé dósíyè náà síwájú olùkọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí dáhùn: aago mélòó ni mo bu omi akàjà? Ọ̀sán ni. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àbájáde mi, torí ọ̀sán ni ewé omi ń tu ọ́síjìn jáde. Lóru, òun fúnra rẹ̀ ń mu ún. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, kó bẹ apẹja rẹ̀ kó gbé e lọ ní ìdájí, kó tún lọ lọ́sàn-án, kó sì fi ìgò méjèèjì wéra.