Ẹ́ńjìnnì Kọ́ Ló Bàjẹ́: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lórí Ìbòrí Púùlù

Ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ rà. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí owó rẹ̀ ṣì ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìbòrí púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ wa ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án. Irú èyí tó jẹ́ pé èèyàn á kàn yí kọ́kọ́rọ́ lára ògiri, á sì fúnra rẹ̀ jáde láti inú kòtò tó wà ní etí púùlù, á bo omi dé òdìkejì. Lọ́jọ́ kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí arọ: apá ọ̀tún á ti dé ìdajì, apá òsì á ṣì máa wọ́ lẹ́yìn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó há sí àárín pátápátá. Nílé tí ọmọdé bá wà, ìbòrí tó há sí àárín kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọmọ lè yọ̀ bọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí i.

Mo pe oníṣẹ́. Ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀. Ó tún ní bí mo bá gbọ́n, kí n kúkú pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, ìbòrí, okùn àti ojú irin tí okùn ń gbà kọjá, lápapọ̀. Mo ra ẹ́ńjìnnì. Ó dè é, ó gbowó iṣẹ́, ó lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, apá òsì tún ń wọ́. Mo pè é, ó ní ṣé òun ò ti sọ fún mi pé kí n pààrọ̀ gbogbo ẹ̀? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹni tó ń ta idà.

Inú ló bí mi tí mo fi gbé àga síwájú kòtò yẹn, tí mo ní kí ọmọ mi máa yí kọ́kọ́rọ́ kí n máa wò. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣí púùlù, á yí rọ́là tí ìbòrí ń ká mọ́. Bí a bá fẹ́ bò ó, á yí àgbá kékeré méjì tí okùn ń wé mọ́. Okùn kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì. Wọ́n gba inú ojú irin lọ sí ìpẹ̀kun púùlù, wọ́n yí púlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà yí, po níbẹ̀, wọ́n wá di etí ìbòrí mú. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń fa apá méjèèjì! Bó bá jẹ́ òun ló rẹ̀, ṣebí ọ̀tún àti òsì ni ì bá jọ máa wọ́? Ọ̀rọ̀ tí ò ju báyìí lọ, mo ti sanwó kó tó yé mi.

Mo pa iná láti orísun, mo lọ sí ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, mo fọwọ́ fa okùn òsì. Púlì ò mira. Púlì tí ò ju ẹnu ife lọ ti gan, okùn kàn ń ha ara rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni, ó sì ti já sí fọ́nrán-fọ́nrán. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Bóòtù méjì ló de púlì yẹn mọ́ ojú irin. Irin tí kì í dípẹtà ni bóòtù, àlùmíníọ̀mù ni ojú irin, omi púùlù sì ti wà láàárín wọn fún ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn irin méjì yìí kì í gbé pọ̀ nínú omi ní àlàáfíà. Àlùmíníọ̀mù ló máa ń jẹrà, ìyẹ̀fun funfun tó sì ń yọ lára rẹ̀ á lẹ bóòtù mọ́lẹ̀ bíi sìmẹ́ńtì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi agbára yí i, orí bóòtù kan sì fọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo da epo tó ń tú irin sí i, mo fi í sílẹ̀ di àárọ̀, mo sì rọra ń fi òòlù kan án. Kò gbọ́. Èébú tí mo bú bóòtù yẹn, bó bá létí ni, ì bá ti fò jáde.

Ooru ló ṣẹ́gun ọ̀kan. Àlùmíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ju irin lọ bí ó bá gbóná, nítorí náà ihò á fẹ̀ ju bóòtù inú rẹ̀. Mo kó ìbòrí jìnnà, torí rọ́bà ni, mo fi iná mú ibẹ̀ gbóná díẹ̀díẹ̀, ó sì ké “kẹ́”, ó yí. Èyí tí orí rẹ̀ ti fọ́ kò gbà. Dírílì ni mo fi lu ú jáde, ọjọ́ kan gbáko, pẹ̀lú ẹnu dírílì mẹ́ta tó kán. Nígbà tí mo ń de púlì tuntun, mo fi gíríìsì tó nípọn kun àwọn bóòtù tuntun. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ dè é ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní jẹ ìyà ọjọ́ mẹ́rin.

Okùn tuntun kò le: mo so ó mọ́ ìdí ògbólógbòó, mo fi fà á kọjá. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀ o, torí okùn tí a ti lò pẹ́ máa ń nà, wọn ò sì ní dọ́gba mọ́. Mo yọ púlì ọ̀tún náà, mo sọ ọ́ nù, mo fi tuntun dípò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, apá tó bá kọ́kọ́ dé òpin, okùn ibẹ̀ ló kúrú. Mo tú u díẹ̀, mo tún dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹta, títí etí ìbòrí fi gúnlẹ̀ gbọọrọ. Mo pe gbogbo ilé kí wọ́n wá wò ó.

Mo lọ́wọ́ nínú ẹ̀, mi ò ní parọ́. Mo máa ń ṣí ìbòrí pẹ̀lú omi òjò lórí ẹ̀. Púùlù tó bá jẹ́ mítà mẹ́rin ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn, bí omi orí ẹ̀ kò bá tiẹ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, okòó lé lọ́ọ̀ọ́dúnrún (320) kílò ni omi tó wà lórí ìbòrí bí rọ́là ṣe ń ká a. Báyìí, pọ́m̀pù kọ́kọ́ ń fa omi kúrò. Mo sì máa ń da kílórínì, oògùn omi púùlù, púpọ̀ sí omi, kí n sì bò ó lójú ẹsẹ̀. Èéfín kílórínì náà ló jẹ rọ́bà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú ibì kan tí mo ti lẹ̀.

Ihò tí omi fi ń jáde nínú kòtò náà ti dí pẹ̀lú ewé. Ìyẹn ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ wò.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ wà nínú sítọ́ọ̀. Mo gbé e jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo so iná mọ́ ọn. Ó ń yí geere.