Bí mo ṣe yan máṣíìnì lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí mi ò gùn ún

Jincheng AX100 ni mo gùn kẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní abúlé kan lọ́nà Àkànrán. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á rántí èéfín funfun rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnì tó ń jo ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo ni. Ọjọ́ tí mo ra mọ́tò ni mo tà á, mi ò sì ronú kàn án mọ́, àfi ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Lítà epo tí kò tó 200 náírà kọjá 500. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ, ó ti lé ní 1,000. Ìbàdàn ni mo ń gbé, oko mi kò sì sí nítòsí, ni mo bá ní kí n tún ra máṣíìnì.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń ta máṣíìnì, Àràrọmí ní Gate ni mo kọ́kọ́ lọ, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mo béèrè ṣéènì àti eyín rẹ̀, mo béèrè pílétì kílọ́ọ̀ṣì. Ti Bajaj wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ti TVS náà kò ṣòro rí. Nígbà tí mo dárúkọ Honda tókunbọ̀ tí ọkàn mi ń fẹ́, ọmọkùnrin tó ń tajà họrí, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Bí Honda ṣe bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ẹni tó ń ta tuntun fẹ́ kí n mú Boxer 150 ti Bajaj. “Dádì, ẹ gba èyí, ó lágbára, ẹ ò ní kábàámọ̀.” Kò parọ́. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó 144.8 cc, ó sì dáa fún ẹni tó ń kérò tàbí tó ń kó ẹrù gun òkè. Èmi ò kérò, bẹ́ẹ̀ ni ara tí mo ní báyìí ni mo ń ra máṣíìnì fún, kì í ṣe ara tí mo fi gun AX100. Mo jókòó lé e, mo sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀: ọmọ ìka nìkan ló kan ilẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ tí kò gun máṣíìnì, ibi tó ti ń rọra yí tàbí tó dúró ló ti sábà máa ń ṣubú, kì í ṣe lórí eré. Tí gìgísẹ̀ rẹ ò bá kanlẹ̀, kí lo fẹ́ fi dì í mú? Mo pa á, mo tì í síwájú sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù, mo tún ta kíkì rẹ̀. Orúnkún mi ọ̀tún dá mi lóhùn kíákíá. Láti ìgbà náà, mi ò wo èyí tí kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ẹ́ńjìnì mọ́.

A tún lọ wo àlòkù kan, èmi àti mekánííkì mi. Bó ṣe débẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti tan án dè wá.” Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná kì í jẹ́wọ́ bó ṣe ń ṣagídí láàárọ̀. A jókòó títí ó fi tutù. Èéfín tó jáde ní àwọ̀ búlúù, àmì pé ọ́ìlì ń jóná nínú rẹ̀. Mekánííkì fa ṣéènì lẹ́yìn, ṣéènì gbéra kúrò lórí eyín, ó ti gbó nìyẹn. Ó mi táyà ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì, ìyẹn kò burú. Ìgbà tó wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn máṣíìnì náà láti fi wé ti inú ìwé, wọ́n ti fi fáìlì ha á. A ò béèrè iye tí wọ́n ń tà á ká tó máa lọ.

TVS HLX 125 tuntun ni mo rà níkẹyìn. Kò ga jù fún mi, ó ní bọ́tìnnì, mekánííkì abúlé sì lè tún un ṣe. Mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, mo sì lọ ṣe ìwé ìwakọ̀, nítorí kíláàsì A ni ti máṣíìnì, ti mọ́tò ni mo ní. Hẹ́mẹ́ẹ̀tì gidi ni mo rà. Mi ò sí lára àwọn tó dé igbá sórí dípò hẹ́mẹ́ẹ̀tì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò dé e.

Pápá ilé ìwé ni mo ti gùn ún lọ́jọ́ Sátidé, tí kò sí ọmọ kankan. Ọwọ́ mi rántí kílọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ṣì ń wá jíà níbi tí ti AX100 wà. Mo ń sáré díẹ̀, mo ń tẹ bíréèkì lójijì, mo ń yí po láìsọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, títí ẹsẹ̀ náà fi gbà. Mekánííkì ní kí n má fi eré pa á, kí n sì pààrọ̀ ọ́ìlì tí mo bá ti rin nǹkan bí 500 kìlómítà.

Mi ò gùn ún lálẹ́, mi ò sì gbé e gun ọ̀nà márosẹ̀. Bí òjò bá sì ti sọ ilẹ̀ pupa ọ̀nà oko di yíyọ̀, mọ́tò ni mò ń wọ̀, iye yòówù kí epo jẹ́.