Kì í Ṣe Ọ̀lẹ: Ìtọ́sọ́nà lórí Ìsoríkọ́ fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Mo lọ sí abà kan lẹ́yìn Mọ́níyà, nítòsí Ìbàdàn, láti wo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn síbẹ̀. Oko ìyá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo abà fi ń ṣe àpẹẹrẹ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n koríko ti bò ó. Mo bá ìyá náà lórí àpótí lẹ́yìn ilé, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti bó èèpo ẹ̀gẹ́ kan dé ìdajì, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Mo kí wọn. Wọ́n dáhùn, wọn ò gbójú sókè. Aládùúgbò kan rọra sọ fún mi pé ọ̀lẹ ti wọ̀ wọ́n lára.

Nígbà tí mo jókòó tì wọ́n, wọn ò sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Wọ́n ní orí ń gbóná, pé ó ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀, pé àyà ń já, pé bí àwọn bá ti jí láago mẹ́ta òru, oorun ti lọ nìyẹn. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ń ra oògùn ibà, tí wọ́n ń mu àgbo.

Báyìí ni ìsoríkọ́ ṣe máa ń fara hàn láàárín wa. Ara ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ìbànújẹ́ máa ń wá, ó sì máa ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ọkàn ẹnì kan bá wúwo, tàbí tí ohun tó fẹ́ràn kò wù ú mọ́, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fura. Ẹ wò ó bóyá oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀, bóyá oorun ti dàrú, bóyá ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́, tàbí ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ṣáá. Ọkùnrin mìíràn kì í sunkún rárá. Ìbínú àti ọtí ni tirẹ̀. Ìsoríkọ́ lè bá abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ, ó lè tẹ̀lé ọ̀fọ̀, gbèsè, tàbí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ bí ìtọ̀ ṣúgà. Ó tún lè wà nínú ìdílé. Nígbà mìíràn, a ò ní rí ohun kan pàtó tó fà á.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ

Ẹ má ṣe sọ pé “ẹ mọ́kàn le” kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ jókòó. Ẹ béèrè pé: “Màámi, ṣé ó ń wá sí yín lọ́kàn pé ó sàn kí ẹ kú?” Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn, ó máa ń tú ẹrù kalẹ̀ ni. Èmi ò pa òwe “ikú yá ju ẹ̀sín” mọ́ nílé ẹni tó jẹ gbèsè. Gbèsè ṣeé san, ẹni tó bá kú kò ṣeé jí.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi onítọ̀hún sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn apakòkòrò àti oògùn apakoríko pẹ̀lú, kò yẹ kó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí nínú kíṣìnì. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìgbà tí èrò ikú gbóná jù kì í sábà pẹ́, ohun tí ọwọ́ ò bá tó lákòókò yẹn lè dá ẹ̀mí sí.

Ibi tí a ó lọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó ìlera alábọ́dé tó súnmọ́ yín. Bí ó bá ju agbára wọn lọ, ẹ gba lẹ́tà lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn, níbi tí àwọn dókítà ọpọlọ wà. Wọ́n lè kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí pé àìsàn ara mìíràn máa ń jọ ìsoríkọ́. Ẹ sọ gbogbo àgbo tí ẹ ti lò fún wọn.

Ìtọ́jú lè jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ méjèèjì. Ibi tí àwọn ènìyàn wa ti máa ń kùnà nìyí: oògùn náà kì í ṣe bíi pàrásítámọ́ọ̀lù. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, ẹnu sì lè gbẹ tàbí inú ru kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ọ̀pọ̀ á ti dà á nù. Kódà bí ara bá yá, wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn lò ó fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Dókítà ni kó sọ ìgbà tí a ó dá a dúró.

Ẹ gbàdúrà, kò sí ẹni tó ní kẹ́ ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹnikẹ́ni, ẹ má nà án. Ní ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, l'Abẹ́òkúta, kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàárín àwọn ará abúlé, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Àwọn àgbẹ̀ bíi tiwa ló gbà wọ́n sílé.

Ní ti ìyá Mọ́níyà, ìyàwó ọmọ wọn ló ń fún wọn lóògùn lálaalẹ́. Aládùúgbò tó pè wọ́n lọ́lẹ ń bá wọn ro ebè méjì méjì láàárọ̀. Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni mo padà lọ, wọ́n sì bi mí ní èló ni wọ́n ń ta gàrí ní ọjà Bódìjà.