Ká Fọwọ́ Ká Tó Fọwọ́ Kan Aláìsàn: Ìrírí Mi ní Wọ́ọ̀dù

Aláìsàn mẹ́ta ni ojú ọgbẹ́ wọn kẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Máátírọ̀nì pè mí, wọ́n ní kí n gba ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ mọ́wọ́ fún oṣù mẹ́ta. Wọn ò sọ pé ọwọ́ wa ló fà á. Èmi náà ò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ọwọ́ wa kọ́. Èmi ni mo pààrọ̀ báńdéèjì ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóru ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Mo ronú títí bóyá mo fọwọ́ kí n tó ṣí ojú ọgbẹ́ náà. Mi ò rántí. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ kọ́? Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ ìgbà márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká máa fọwọ́: ká tó fọwọ́ kan aláìsàn, ká tó ṣe iṣẹ́ tó gba ìmọ́tótó gidi, bíi gígún abẹ́rẹ́ tàbí títọ́jú ojú ọgbẹ́, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tàbí omi ara mìíràn bá lè ti kàn wá, lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan aláìsàn tán, àti lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan ohun tó wà láyìíká rẹ̀, ì báà jẹ́ irin bẹ́ẹ̀dì lásán. Gbogbo wa la lè kà á lórí. Mo pinnu pé màá kọ́kọ́ wò ná.

Mo fa ìlà sínú ìwé kan, ìgbà márùn-ún yẹn lápá kan, "ó fọ̀ ọ́" àti "kò fọ̀ ọ́" lápá kejì. Mo sọ fún gbogbo wọn pé mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, torí ọjọ́ tí wọ́n bá ti rò pé ẹjọ́ ni mo fẹ́ rò, iṣẹ́ ti bà jẹ́ nìyẹn. Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ò wúlò. Bí wọ́n bá ti rí ìwé lọ́wọ́ mi, kíá, wọ́n ti wà nídìí ẹ̀rọ omi. Mo da gbogbo ohun tí mo kà lọ́jọ́ mẹ́ta náà nù, mo wá ń jókòó nídìí tábìlì lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń kọ ìwé aláìsàn, títí wíwà mi níbẹ̀ fi mọ́ wọn lára.

Ohun tí mo wá rí dùn mí. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ bá kan ẹnì kan, sísá ló ń sá lọ fọwọ́. Tó bá kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn, lọ́pọ̀ ìgbà, á fọ̀ ọ́. Kó tó fọwọ́ kan aláìsàn ńkọ́? Kò tó ìdajì. Lẹ́yìn tó bá ti di irin bẹ́ẹ̀dì mú, tàbí tó sún igi dírípù? Ó ṣọ̀wọ́n. Àṣé torí ara wa la ṣe ń fọwọ́, a ò fi ti aláìsàn tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ là sílẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ tún wá bá tirẹ̀ dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wo ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, tí mo fẹ́ràn láti bá ṣiṣẹ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó da ìtọ̀ inú báàgì aláìsàn kan nù. Ìbọ̀wọ́ yẹn náà ló fi dín dírípù ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì kù, òun ló fi mú bírò, òun ló fi ti fìlà rẹ̀ sókè níwájú orí. Ó wá bọ́ ọ jù nù, ó bá iṣẹ́ lọ láì fọwọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí ó gbà pé ọwọ́ òun mọ́. Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lára ìbọ̀wọ́ ló ń kó kiri yẹn. Ìbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀ lè ní ihò tíntìntín tí ojú ò rí, ìdọ̀tí ara rẹ̀ sì lè kan ọwọ́ nígbà tí èèyàn bá ń bọ́ ọ. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo to ohun tí mo rí fún un bó ṣe tẹ̀ léra. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi náà nìyẹn?"

Mi ò bá a wí, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Mo mọ ìtàn dókítà kan tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis. Ní 1847, ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí kan ní ìlú Vienna, ó ṣàkíyèsí pé ibi tí àwọn dókítà ti ń la òkú ni wọ́n ti ń wá gbẹ̀bí. Ó ní kí wọ́n máa fi omi tí wọ́n po èròjà chlorine mọ́ fọwọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, nǹkan bí ìyá 18 nínú 100 ló kú ní wọ́ọ̀dù náà; nígbà tó fi di oṣù Kẹfà, ó ti já sí nǹkan bí 2. Pẹ̀lú ìyẹn náà, ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà yẹn ò gbà fún un. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ òun ló ṣekú pa ẹni tí òun wá tọ́jú? Bí èmi náà bá fi ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀, etí á di sí mi ni.

Mo wá yí ojú kúrò lára èèyàn, mo ń wo wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo la ní, ẹnu ọ̀nà ló wà. Mo rìn láti bẹ́ẹ̀dì tó jìnnà jù dé ibẹ̀: ìṣísẹ̀ 23 ní àlọ, 23 ní àbọ̀. Ọṣẹ àti omi ń gba ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60 kí ọwọ́ tó mọ́ dáadáa. Nọ́ọ̀sì wo ni yóò máa rin ìrìn yẹn ní gbogbo ìgbà tó yẹ, tí yóò sì tún rí àyè tọ́jú aláìsàn? Ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 ni sànítáísà ń gbà, ọwọ́ á sì gbẹ fúnra rẹ̀. Tiwa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tì í pa kó má baà tètè tán. Bẹ́ẹ̀ ṣe ló yẹ kó máa tán!

Àwọn tó ń po oògùn ní ilé ìwòsàn wa gbà láti máa ṣe é fún wa bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe là á sílẹ̀. Fún lítà 10: ethanol, ìyẹn ọtí, ìdá 96 nínú 100, mílílítà 8,333, hydrogen peroxide ìdá 3 nínú 100, mílílítà 417, glycerol ìdá 98 nínú 100, mílílítà 145, kí a wá fi omi tí a sè tó ti tutù kún un títí yóò fi pé. Wọ́n á gbé e sílẹ̀ fún wákàtí 72 kí a tó lò ó, kí kòkòrò tó bá sá pamọ́ sínú èèpo líle lè kú tán. Iná máa ń tètè ran ọtí yìí, torí náà a ò kó púpọ̀ jọ sí wọ́ọ̀dù.

Ara ògiri, lókè orí bẹ́ẹ̀dì, ni mo kọ́kọ́ so àwọn ìgò náà mọ́. Àṣìṣe ni. Kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ nà kọjá lórí aláìsàn, ìyẹn ni pé yóò ti fara kàn án kó tó fọwọ́. Mo kó wọn wá sí irin ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń dúró ka ìwé aláìsàn. Bí aláìsàn bá wà tí iyè rẹ̀ ò pé, tó lè gbé ìgò mu, ìgò kékeré ni a máa ń fi sápò dípò rẹ̀.

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ọwọ́ ń là. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é; ọṣẹ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, wọ́n á tún fi sànítáísà lé e. Mo ní kí wọ́n mú ọ̀kan. Bí ìdọ̀tí bá hàn lọ́wọ́, ọṣẹ àti omi ni. Bí aláìsàn bá ń ṣunú nítorí kòkòrò tó ń jẹ́ Clostridioides difficile, ọṣẹ àti omi náà ni, torí ọtí ò ran èèpo kòkòrò yẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, sànítáísà ti tó, glycerol inú rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ara gbẹ jù.

Ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí a lo ìpara tó ń tàn lábẹ́ iná ultraviolet. Kóówá wa fi pa ọwọ́ bó ṣe máa ń fi sànítáísà pa á, ó wá ki ọwọ́ sábẹ́ iná. Àtẹ́lẹwọ́ ń tàn yòò, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ṣókùnkùn, orí ìka náà ṣókùnkùn, orí ìka tí a fi ń di abẹ́rẹ́ mú! Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ bọ́ òrùka àti aago wọn, wọ́n ki ọwọ́ sábẹ́ iná, wọ́n wò ó pẹ́. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n tún un pa, wọ́n yí àtàǹpàkò kọ̀ọ̀kan nínú ọwọ́ kejì, wọ́n fi orí ìka ha àtẹ́lẹwọ́, wọ́n tún ki ọwọ́ sábẹ́ iná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sọ níwájú gbogbo wa pé ẹni tó bá rí i pé àwọn fẹ́ fọwọ́ kan aláìsàn láì fọwọ́, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ò parí tí nọ́ọ̀sì tó kéré jù láàárín wa fi sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́." Ọ̀gá dúró, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n tẹ ìgò. Wọ́n ní, "O ṣé." Lójú tèmi, kò sí bébà tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri tó lè ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ṣe.

Ní oṣù kejì, iye ìgbà tí a ń fọwọ́ nínú ìwé mi já wálẹ̀. Àwọn ìgò ló ń gbẹ ní òpin ọ̀sẹ̀, kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rọ sànítáísà sí i. Màmá tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù wa ló ní kí n fi í sílẹ̀ fún àwọn, torí kò sí bẹ́ẹ̀dì tí àwọn kì í dé lójúmọ́. Nígbà tí oṣù kẹta fi parí, fífọwọ́ ká tó fọwọ́ kan aláìsàn ti ju ìdajì lọ dáadáa, kò tíì pé. Ojú ọgbẹ́ tó kẹ̀ ti dín kù, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta kéré láti fi búra pé ọwọ́ ni.

Màmá mọ ohun tí ìwé mi ò mọ̀. Wọ́n ní, "Ìgò bẹ́ẹ̀dì 6 kì í dín o." A jọ lọ wò ó. Ìgò gáàsì tí aláìsàn fi ń mí ló dí ẹ̀gbẹ́ tí a so sànítáísà mọ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni gbogbo wa ń gbà dé ibẹ̀. A gbé sànítáísà sódì kejì. Lọ́jọ́ kẹta, màmá mú ìgò náà wá bá mi nídìí tábìlì, wọ́n mì í sí mi létí. Ó ti fẹ́ẹ̀ gbẹ.