Ariwo ọ̀sán: bí mo ṣe fi mítà wá ohun tó bo rédíò mi mọ́lẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti gba ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti ilé mi, tí wọ́n sì fún mi ní orúkọ ìpè tó fi 5N, àmì Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀, ohun kan ló ń dùn mí. Lọ́sàn-án, mi ò kì í gbọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá tan rédíò sí 14 MHz (ìgbì tó ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣààà ni gbogbo rẹ̀, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ariwo á rọlẹ̀, ohùn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Mo gbà pé ojú ọ̀run ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí a ń ṣe rédíò yìí la mọ̀ pé ọ̀sán ni 14 MHz máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù. Kí ló wá dé tí tèmi fi yàtọ̀?

Áńténà ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Wáyà méjì ni, tí orí wọn wà lókè ọ̀pá ọparun, tí wọ́n sì ya sọ́tùn-ún sósì bí òrùlé. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ìgbì rédíò ń rin nǹkan bíi 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà, ẹ fi iye MHz pín 300, ẹ ó rí gígùn ìgbì ní mítà. Ní 14.2 MHz, mítà 21.1 ló jẹ́. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 10.56. Ẹ yọ nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, ó ku mítà mẹ́wàá àti díẹ̀. Mo gé apá kọ̀ọ̀kan ní 5.25, kí n lè rí èyí tí màá máa dín kù.

Mo yá NanoVNA lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Ẹ̀rọ náà ò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Á rán àmì kékeré lọ sínú áńténà, á sì wo èyí tó padà wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi wọn ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ fi ìdérí mẹ́ta tó bá a wá tọ́ ọ sọ́nà: èyí tó ṣí sílẹ̀, èyí tó pa pọ̀, àti èyí tó ń dènà iná ní ìwọ̀n 50 ohm. Mi ò ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ló di aláìwúlò.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi hàn mí pé SWR mi (ìwọ̀n bí àmì tó ń padà láti áńténà ṣe pọ̀ tó; 1 ló dára jù) ní 14.2 jẹ́ 4. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ìdá 100 agbára tí rédíò bá rán lọ, 36 ló ń kọlu áńténà tó sì ń padà. 13.35 MHz ni áńténà náà fẹ́ràn, torí wáyà ilé onírọ́bà ni mo lò, rọ́bà ara rẹ̀ sì máa ń fa ìgbì sẹ́yìn, á wá dà bíi pé wáyà náà gùn ju bó ṣe rí lọ. Mo gé sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kúrò lápá kọ̀ọ̀kan, mo wọ̀n ọ́n, mo tún gé. Nígbà tí apá kọ̀ọ̀kan ku 4.94, SWR bọ́ sí 1.2. Èyí tó ń padà ò tó ẹyọ kan nínú 100 mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo tan rédíò. Ariwo náà ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ mítà rédíò, tó ń fi S1 sí S9 sọ bí àmì ṣe lágbára tó, dúró sórí S8, kò yẹ̀ rárá.

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó ro ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà, agbára òòfà á yí wáyà náà ká. Òòfà tó ń yí padà á bí agbára iná, agbára iná tó ń yí padà á tún bí òòfà, báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń ti ara wọn lọ sínú òfúrufú, tí ọ̀kan dábùú èkejì. Ìgbì rédíò ò ju ìyẹn lọ. James Clerk Maxwell, onímọ̀ físíìsì ọmọ Scotland, ti fi ìṣirò sọ ọ́ ní 1865. Heinrich Hertz, onímọ̀ físíìsì, ló wá fi ojú rí i ní Karlsruhe, ní Jámánì, láàárín 1886 sí 1888, iná tó ń ta pàrà láàárín irin méjì ló sì fi ṣe é. Ohunkóhun tó bá ń tan iná tó sì ń pa á lójijì ń ṣe ohun tí Hertz ṣe. Mo bi ara mi pé, kí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi, tó jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ló ń ṣe é?

Sólà!

Mo gbé rédíò sórí bátìrì tirẹ̀, mo ní kí àbúrò mi lọ dúró ti bíréékà pánẹ́ẹ̀lì. Ó pa á. Ọwọ́ mítà já láti S8 sí S3, ohùn ọkùnrin kan sì yọ ketekete láti inú ibi tó jẹ́ ariwo lásán ní ìṣẹ́jú àáyá kan sẹ́yìn. Mo ní kó tàn án, ohùn náà rì. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tún pa á?” Ìgbà mẹ́fà la ṣe é, torí mo fẹ́ kó dá mi lójú.

Lórí ìwé, S9 ni máíkírófóòtì 50 (mílíọ̀nù kan irú rẹ̀ ló ń jẹ́ fóòtì kan) níbi tí áńténà ti wọ rédíò, S kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 6 dB (dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n tí a fi ń sọ bí agbára àmì kan ṣe ju òmíràn lọ). Láti S8 sí S3 á wá jẹ́ 30 dB, ìyẹn ìlọ́po 1,000 ní agbára. Ẹ má tètè gba mítà gbọ́ ṣá. Mo fi àpótí kékeré tó ń dín àmì kù ní 6 dB sáàárín áńténà àti rédíò, ọwọ́ mítà sì sọ̀kalẹ̀ ní S méjì dípò ẹyọ kan. S kọ̀ọ̀kan lórí rédíò tèmi ò ju nǹkan bíi 3 dB lọ, nítorí náà bíi 15 dB ni ariwo náà fi lọ, ìlọ́po ọgbọ̀n. Òun náà kì í ṣe kékeré, àmọ́ òótọ́ ni mo fẹ́ mọ̀.

Kọ̀ntírólà sólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì, ló ń tan iná tó ń pa á lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti wáyà: mo wọn èyí tó ti orí òrùlé wá sí ìsàlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́wàá. Áńténà 14 MHz gidi ni, mo sì ti so ó mọ́ ẹ̀rọ aláriwo láìmọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ gba alẹ́ kan. Alẹ́ ni kí ẹ̀yin náà ti ṣe é o, torí pánẹ́ẹ̀lì tí oòrùn ń pa kì í sinmi, kódà bí ẹ bá pa bíréékà. Mo lọ́ wáyà méjèèjì mọ́ra, mo fi wọ́n yí òrùka ńlá kan tí wọ́n fi fẹ́ráìtì ṣe (ohun tó ní irin nínú, tó ń dá ariwo rédíò dúró lórí wáyà) po ní ìgbà márùn-ún lẹ́bàá kọ̀ntírólà, mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí wáyà bátìrì náà. Mo tún ṣí ọ̀pá ọparun kúrò nídìí òrùlé lọ sí ẹ̀yìn ọgbà.

Lọ́jọ́ kejì, ní aago kan ọ̀sán, oòrùn ń mú, sólà ń ṣiṣẹ́, mítà wà lórí S4. Ní aago márùn-ún, mo gbọ́ ẹnì kan tó ń pè láti Brazil. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú wáyà onírọ́bà yẹn, ó sì ka orúkọ ìpè mi padà fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pé.